Apá Ta Ni Ẹ̀rọ Náà Wà?

"Ẹ káàárọ̀ o, Mutala! Ṣé dáadáa lẹ jí? Ìyàwó ńkọ́?"

Ojú fèrèsé ni Ìyá Ràbíátù ti ń kí aládùúgbò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá ń fún un lápá lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ló fún un ní ẹ̀rọ náà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Láràárọ̀, Zuweira, ọmọ ọmọ rẹ̀, á fi èsì ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Kò sì sí ẹni tó máa kọjá láàárọ̀ tí màmá kò ní bèèrè ilé àtọ̀nà rẹ̀.

Èsì náà tún ga. Ojú màmá kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Wọ́n á ní kí n jókòó sílé. Ọjà Kantamanto ni ayé mi wà!"

Àánú ṣe Zuweira. Ìdí igbá aṣọ òkìrìkà tó ń tà níbẹ̀ ni inú màmá ti ń dùn jù láyé yìí. Bí màmá ṣe wọlé lọ mu kókó, ọmọ náà de ẹ̀rọ mọ́ apá ara rẹ̀, ó sì fi èsì tirẹ̀ ránṣẹ́. Lójú tirẹ̀, oore ló ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ọ̀sẹ̀ fi yí po.

Ni fóònù bá dún. Nọ́ọ̀sì Phoebe ni, ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn náà.

"Ẹ kú oríire, mà! Ìfúnpá yín ti wálẹ̀ bíi ti ọmọge. Dókítà fẹ́ dín oògùn yín kù."

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́ jó. Ara tí kò tíì yá ni wọ́n fẹ́ dín oògùn rẹ̀ kù yìí! Zuweira kúnlẹ̀ gbì.

"Ìyá àgbà, ẹ dákun, ẹ má bínú. Antí, apá mi ni mo ń wọ̀n."

Màmá kọjú sí i. "Zuweira! O fẹ́ fi ìfẹ́ pa mí ni?"

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ó ní kí wọ́n tan kámẹ́rà fóònù, kí wọ́n wọn màmá lójú òun. Ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Mutala kí wọn láti ìta, màmá sì la ẹnu.

"Ẹ má dáhùn, mà!" ni Phoebe ké. "Ọ̀rọ̀ sísọ máa ń gbé ìfúnpá ga. Ẹ sinmi díẹ̀ ná, kí ẹ sì panu mọ́ tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n."

"Kí wọ́n kí mi kí n má jẹ́ wọn? Wọ́n á ní mò ń gbéraga!"

"Èmi á máa bá yín dáhùn," ni Zuweira wí.

Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n sinmi, wọ́n tún un wọ̀n. Ó ti wálẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dára tó.

"Ẹ máa lo oògùn yín bó ṣe wà," ni Phoebe wí. "Ẹ sì lè máa lọ sọ́jà yín."

"Ẹnu àìmẹ́nu ní í kó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni màmá wí, ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fa Zuweira mọ́ra.

"Gbọ́, ọmọ mi. Dókítà kò rí mi. Èsì tí o bá fi ránṣẹ́ nìkan ló ń rí. Bí o bá purọ́ fún un, irọ́ yẹn ni yóò máa tọ́jú, èmi ni yóò sì kú."