Ìyá Ráútà àti Mẹ́gà Ọgbọ̀n

"Ìyá Ráútà! Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí yín o!"

Galuh, akọrin kíláàsì kọkànlá, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní kantíìnì ilé-ẹ̀kọ́ wa lẹ́sẹ̀ òkè Sumbing. Ratmi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ń kí, fajú ro bí ẹni tí inú ń bí. Irọ́ ni. Ó ti tún híjáàbù rẹ̀ ṣe kí gbogbo ẹni tó ń jẹ tempe, ẹ̀wà sóyà díndín, lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Pak Wiryo, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Wiryo, olùkọ́ ẹ̀kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló fa ráútà lé e lọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ọgbà. Láti ọjọ́ náà ni Ratmi ti ń rìn bí ẹni gbé ẹyin lórí. Ó tilẹ̀ ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọnú ẹ̀rọ náà sí èyí tó wù ú.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò le. Mẹ́gà ọgbọ̀n péré ni íńtánẹ́ẹ̀tì wa lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́la, kíláàsì àṣekágbá, tí Ratmi wà, yóò ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà. Kí Ratmi fi ogún pamọ́ fún yàrá ìdánwò, kí gbogbo ọgbà yòókù máa pín mẹ́wàá tó kù lò.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Galuh wí, ó sún mọ́ ọn, "mo fẹ́ kọrin fún ìdíje orí fóònù lọ́la, láago mẹ́sàn-án. Ẹ bá mi fi mẹ́gà mẹ́wàá pamọ́ sí gbọ̀ngàn."

"Mẹ́wàá kẹ̀? Ìdánwò ń bẹ o."

"Háà! Àṣé orúkọ lásán ni Ìyá Ráútà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ratmi lára. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ti di tìẹ."

Kò pẹ́ ni Pak Darsono, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, pè é sí ọ́fíìsì. Ó ti ra bàtíìkì tuntun, àdìrẹ ilẹ̀ wa, nítorí yóò bá àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo agbègbè sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà lọ́la. Àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni "Ìkóra-Ẹni-Níjàánu Nínú Lílo Íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Ọmọ dáadáa," ló wí, "fi mẹ́gà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pamọ́ fún mi. Mo fẹ́ kí aṣọ yìí hàn kedere."

"Ó ti di tiyín, sà."

Ratmi rò ó pọ̀ lórí ìwé: ogún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Márùndínláàádọ́ta, nínú ọgbọ̀n! Ṣùgbọ́n ráútà kò jiyàn. Ó gba gbogbo rẹ̀ wọlé bí baba tó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo ṣèlérí fún ọkọ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà kì í dun ẹnikẹ́ni, àfi lọ́jọ́ ìyàwó.

"Bóyá wọn ò ní lò ó lẹ́ẹ̀kan náà," ló sọ fún ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́sàn-án lù. Ratmi wà ní ìbéèrè keje nígbà tí ohun róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó yí, ó yí. Ìbéèrè kò ṣí, ṣùgbọ́n aago kékeré tó wà lókè kò dúró de ẹnì kan.

"Ìdáhùn mi ti lọ!" Yanti, tó jókòó tì í, ti ń sunkún.

Lẹ́nu ọ̀nà, Pak Wiryo ń bá àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa jà lórí fóònù: "Ẹ̀yin lẹ̀ ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ!"

Ratmi mí kanlẹ̀. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá sì sọ̀rọ̀, alábòójútó tó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìdánwò rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ó wo aago: ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ló kù. Ó wo Yanti. Ọmọ mẹ́rìndínlógójì ló wà nínú yàrá náà.

Ó nawọ́ sókè.

"Sà, kì í ṣe àwọn. Èmi ni. Mo pín ohun tí kò sí."

Pak Wiryo sọ fóònù kalẹ̀, ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ yọ. "Ọ̀rọ̀ aṣínà dà?"

Ratmi dorí kodò. "Ratmi-ni-ọ̀gá-yín."

"N kò gbọ́."

"Ratmi ni ọ̀gá yín, sà!"

Àwọn tó ń sunkún pàápàá bú sẹ́rìn-ín. Pak Wiryo tẹ̀ ẹ́, ó pa ìpín Galuh àti ti Pak Darsono rẹ́, ìbéèrè sì ṣí. Ní ọ́fíìsì, Pak Darsono ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí "níjàánu" ni àwòrán rẹ̀ dúró gbagidi: ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀, ojú kan dì, bàtíìkì hàn kedere. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti di sítíkà Wásáàpù jákèjádò agbègbè. Ẹsẹ kejì ni orin Galuh sì kú sí.

Wọ́n dá àkókò tó ṣòfò padà fún gbogbo kíláàsì, àyàfi Ratmi. Ọ̀sẹ̀ kejì ló ṣe tirẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ṣàìsàn.

"Kì í ṣe nítorí pé o ṣàṣìṣe ni mo fi gba ráútà lọ́wọ́ rẹ," ni Pak Wiryo sọ fún un. "O ti ro ìṣirò náà, o mọ̀ pé kò tó, síbẹ̀ o pín in."

Ó tó oṣù kan kó tó dá a padà fún un. Lọ́jọ́ náà gan-an, Galuh tún dé bá a ní kantíìnì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi márùn-ún péré pamọ́."

Ratmi mú pẹ́ńsù, ó rò ó pọ̀. "Ó ti tán."

"Ẹ ò wá lágbára mọ́ nìyẹn?"

"N kò ní," ni Ratmi wí, ó sì gé tempe rẹ̀ jẹ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí kò lè sọ pé "kò sí" yóò fi ohun olóhun ṣe fújà. Bí a bá sì fi nǹkan pa mọ́ sí wa lọ́wọ́, kì í ṣe tiwa láti fi gba ìkíni.