Ọwọ́ Mẹ́ta Nínú Àwo Kan

Mo gbé àwo iyán lé òṣùwọ̀n tí ìyá wa fi ń wọn fúláwà nígbà ayé rẹ̀.

"Ẹgbẹ̀fà gíráàmù," ni mo wí.

Caleb, àbúrò mi, tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ojú fóònù di pupa yòò. "Gbémi, ó ní Yèyé ti jẹun jù. Ó ní kí wọ́n dín in kù."

Yèyé, ìyá tó bí ìyá wa, wò wá láti orí àpótí. "Uyán tí mi ò tíì fọwọ́ kàn? Ìgbà wo ni mo jẹ ẹ́ jù?"

A rẹ́rìn-ín.

Yèyé ní àtọ̀gbẹ. Àwọn kan ló gbé áàpù Jẹun-Ire, ètò orí fóònù tó ń sọ bí aláìsàn ṣe yẹ kó jẹun, wá sí ilé ìwé wa ní Ìkẹ́rẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá fi ẹnì kan nílé dán an wò. Márùn-ún tó bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa yóò gba tábílẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ ọ̀kan gidigidi. WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé mi kò sì pé.

Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, inú àwo kan ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jẹun. Yèyé ló sọ ọ́ di òfin, kí ẹnikẹ́ni má baà dá jókòó ti ìbànújẹ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Áàpù ní kí n wọn àwo Yèyé, mo sì wọn àwo tí mo rí. Kò bi mí pé ọwọ́ mélòó ló ń wọ inú rẹ̀. Èmi náà kò ronú sí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo dín iyán kù. Ojú fóònù ṣì pupa. Mo tún dín in kù, títí ó fi kéré bí ìkúùkù Caleb. Èmi àti Caleb ń ra búrẹ́dì jẹ lọ́nà ilé ìwé. Yèyé kò rí nǹkan mìíràn jẹ, síbẹ̀ wọn a máa rọra ti òkèlè tó kù sọ́dọ̀ Caleb. Wọ́n sì ń lo oògùn wọn déédéé.

"Gbémi, ebi ń pa mí o."

"Yèyé, ẹ fara dà á. Fóònù ti ń yọ́nú sí yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Yèyé ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Òógùn bò wọ́n, wọn kò sì mọ orúkọ mi mọ́. Ọlọ́kadà kan gbé wa dé ilé ìwòsàn, èmi lẹ́yìn, mo dì wọ́n mú. Nọ́ọ̀sì yẹ ṣúgà ara wọn wò. Ó ti lọ sílẹ̀ jù.

"Ta ló ní kí màmá máa lo oògùn àtọ̀gbẹ láì jẹun tó?"

"Èmi ni, mà."

Nọ́ọ̀sì fa omi ṣúgà sí wọn lára. Nígbà tí Yèyé lajú, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Gbémi, ṣé o ti jẹun?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn aláàpù padà wá. Tíṣà Akíndélé fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. "Ohun tí wàá kà nìyí. Orúkọ rẹ ló wà lókè láàárín àwọn tí yóò gba tábílẹ́ẹ̀tì."

Mo kà á. *Jẹun-Ire ti mú ìlera bá ilé wa.*

"Sà, Yèyé mi dákú nítorí rẹ̀."

"Ṣé wọn ò ti gbádùn ni? Fọgbọ́n ṣe é. Àlejò ni àwọn aláàpù."

Àǹtí Lọ́lá, obìnrin tó wá láti Èkó, bi wá pé, "Kí ni ẹ fẹ́ kí Jẹun-Ire máa ṣe fún yín?"

Fọláhàn, ọmọ kíláàsì mi, ka tirẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kàn mí. Mo ká ìwé náà sápò.

"Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ bi wá léèrè," ni mo wí. "Ẹni mélòó ló ń jẹ nínú àwo? Oògùn wo ni ẹni yẹn ń lò? Ó ní kí Yèyé mi jẹ bùrókólì, ẹ̀fọ́ òyìnbó. Níbo ni wọ́n ti ń tà á ní Ìkẹ́rẹ́? Gbúre tó kún ọjà, kò mọ̀ ọ́n. Òkèlè la mọ̀, kì í ṣe gíráàmù. Ojú rẹ̀ sì ń pọ́n sí wa bí ẹni pé a jalè."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Gbémi, jókòó," ni Tíṣà wí.

"Mi ò tíì parí, sà." N kò jókòó. "Èmi ni mo dín oúnjẹ Yèyé kù, n kò ní yọ ara mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń lo áàpù yìí nílé àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ẹ dá a dúró títí ẹ ó fi tún un ṣe."

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Fọláhàn rọra nawọ́ sókè. "Bàbá mi náà ń lo oògùn àtọ̀gbẹ."

Àǹtí Lọ́lá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ẹnikẹ́ni tó ń lo oògùn dá Jẹun-Ire dúró láti òní. Gbémi, mú mi lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn."

Tíṣà fa ìlà pa orúkọ mi rẹ́. "Ṣé o rí i? Ẹnu rẹ ló gba tábílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ."

"Mo rí i, sà."

Ìwé Fọláhàn ni mo yá láti fi ka WAEC. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, fóònù lè gbani nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ń gbé inú ilé wa. Ẹ bi onímọ̀ ìlera kí ẹ tó dín oúnjẹ aláìsàn kù. Bí ẹ bá sì rí ohun tó ń pa èèyàn lára, ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀bùn dákẹ́. Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, ohun tí mo sọ náà ni n óò sọ.