Òkúta Pupa Orí Òrùka

"Kò ju gíráàmù mẹ́rin lọ," ni alágbẹ̀dẹ wúrà wí, láì gbójú kúrò lára òṣùwọ̀n kékeré iwájú rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń pè ní Eyínfúnjowó, nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún un wò, sà. Ìyá màmá mi ló ni òrùka yìí. Màlúù méjì ni wọ́n tà kí wọ́n tó rà á."

"Ọmọ dáadáa, ayé ijọ́un nìyẹn. Àwọn kan fi owó ẹyọ díye lé ọjà, àwọn kan fi màlúù. Òṣùwọ̀n tèmi ò mọ màlúù, kò sì mọ ìyá ẹnikẹ́ni." Ó fi ẹ̀mú yọ òkúta pupa orí òrùka náà, ó jù ú sí i lọ́wọ́. "Gba dígí ẹ. Wúrà nìkan ni mò ń wọ̀n."

Eyínfúnjowó ju òkúta náà sínú àpò aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó gba owó, ó sì sáré lọ ra fóònù. Ọjọ́ ìbí olólùfẹ́ rẹ̀ ti dé, ọmọkùnrin kíláàsì wọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń jìn wọnú bó bá rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìfẹ́ ẹnu lásán! Kí lo rà fún un rí?" Nígbà tí ọmọkùnrin náà gba fóònù, tó sì wò ó lójú, ṣe ló dà bí ẹni pé oòrùn yọ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Kò pẹ́ sígbà náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run màmá rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn.

"Ìfun kan ti wú nínú wọn," ni dókítà wí. "Bí a ò bá ṣiṣẹ́ abẹ lónìí, yóò bẹ́. Ẹ lọ wá owó àsansílẹ̀."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Eyínfúnjowó mi, sáré lọ sílé. Òrùka ìyá mi wà nínú àpótí aṣọ mi. Irú ọjọ́ báyìí ni mo ṣe pa á mọ́."

Ó sáré, àmọ́ kì í ṣe ilé ló lọ; ọ̀dọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ ló gbà lọ.

"Ta ló ní kó o ra nǹkan fún mi?" ni ọmọkùnrin náà wí, ó sì ti ń kó fóònù sínú páálí rẹ̀. "Ìwọ náà! Ká ní mo mọ̀ ni! Gbà, gbà, máa lọ!"

Ẹni tó ta fóònù náà fún Eyínfúnjowó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "O ti já ọ̀rá ara ẹ̀. Ìdajì owó ni mo lè san."

"Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo rà á o! Ẹ jọ̀ọ́, màmá mi ń kú lọ!"

"Fóònù kì í ṣe wúrà, àbúrò. Bọ́wọ́ bá ti kàn án báyìí, àlòkù ni."

Owó náà kò tó. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó jẹ́wọ́ pé òun ti jí òrùka náà tà. Alùpùpù tí Bàbá fi ń gbé èrò, tó fi ń bọ́ wọn, ló tì lọ bá oníṣòwò alùpùpù kan ní òdìkejì títì.

"Ìdajì," ni ọkùnrin náà wí.

"Ìdajì kẹ̀? Ẹnu iṣẹ́ mi ni mò ń tà yìí o!"

"Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ tà á, bàbá?"

Òógùn ojú Bàbá ni ọkùnrin náà wò; kò wo ẹ́ńjìnnì. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, Màmá sì yè é. Bó ṣe lajú, ó na ọwọ́. "Òrùka mi dà?"

Eyínfúnjowó fi òkúta pupa náà sí i látẹ́lẹwọ́. Màmá kò bú u. Ó pa ọwọ́ dé, ó sì kọjú sí ògiri. Ìbá sàn kó bú u. Láti ojú fèrèsé, ọmọ náà rí bàbá rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, tó ń wo àwọn alùpùpù tó ń kọjá.

Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òṣùwọ̀n ọjà pọ̀ láyé, àmọ́ ọjọ́ ìṣòro ló ń sọ iye ohun tó wà nílé ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín dénú kò ní sọ pé kẹ́ ẹ ta ohun ìní ilé yín kẹ́ ẹ tó fi ìfẹ́ hàn.