Ọmọbìnrin Tó Bá Dùùrù Wá

Wíìgì ni Gesche kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó ni ín. Afẹ́fẹ́ òkun ló já a gbà lórí afárá, ó yí i po lófuurufú bí ẹyẹ tó mutí yó, ó sì sọ ọ́ sínú àgbá ẹja oníyọ̀ tó wà lẹ́bàá ìloro ilé ìsìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó fárí kodoro, àpò ìwé orin wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, bàtà tuntun tí kò tíì mọ òkúta ìlú Wiekhafen sì ń yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú un."

Èèyàn ò lè dá a lẹ́bi. Ẹ̀wù Bàbá Timm, òṣìṣẹ́ ilé ìsìn, ló wà lọ́rùn Gesche, ó gùn dé kókósẹ̀ rẹ̀. Bàtà onígi Bàbá Timm ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí làkúrègbé ti dá bàbá náà dùbúlẹ̀, kò sì sí ẹlòmíì nílùú tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ fín ẹwìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn fèrè dùùrù. Gesche fa wíìgì náà yọ, ẹja kékeré kan rọ̀ mọ́ ọn létí, ó sì yíjú padà.

"Èmi kì í ṣe bàbá."

"Háà. Ẹ má bínú, ìyá."

Gesche kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìyá yẹn dùn ún ju bàbá lọ. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà ti rí ojú rẹ̀ wàyí, etí rẹ̀ sì ti pọ́n bí ata. Ó ní Alard ni orúkọ òun, láti gúúsù ni òun ti wá, òun fẹ́ dán ara òun wò lórí dùùrù níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, bóyá wọ́n á fún òun ní ipò Ọ̀gá Detlef tó ń fẹ̀yìn tì.

"Ta ló máa fín ẹwìrì fún mi?"

"Èmi ni. Gesche."

"O ṣeun, Gesche. Jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ fẹ́ ọmọ Ọ̀gá Detlef?"

"Àṣà ibí ni. Bí Ọ̀gá Detlef náà ṣe fẹ́ ìyàwó tiẹ̀ nìyẹn, ọmọ ẹni tó jókòó sídìí dùùrù ṣáájú rẹ̀."

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ igi lọmọ náà ní."

Gesche tẹjú mọ́lẹ̀.

"Wọ́n tún ní ó máa ń géni jẹ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí ilé ọtí tí mo sùn lójú ọ̀nà tí wọn ò ti sọ ọ́ fún mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀. Gesche gan-an lọmọ Ọ̀gá Detlef, òun fúnra rẹ̀ ló sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó wá fún iṣẹ́ náà yẹ dùùrù wò, ó yẹ òrùlé ilé wò, lẹ́yìn náà ló wá yẹ Gesche wò, ó sì mi orí bí ẹni pé òrùlé ló wù ú jù. Lọ́jọ́ yẹn ni Gesche sọ létí ìyá ẹlẹ́ja kan pé igi ni ẹsẹ̀ òsì ọmọ Ọ̀gá Detlef. Ẹsẹ̀ nìkan ni Gesche dá sílẹ̀, ìlú ló fi eyín kún un. Àwọn méjì mìíràn tó wá lẹ́yìn ìyẹn kò dúró jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Kì í kúkú ṣe pé kò fẹ́ lọ́kọ. Ohun tó ń fẹ́ ni kẹ́nì kan bèèrè òun bí wọ́n ṣe ń bèèrè èèyàn, kí wọ́n má ka òun mọ́ dùùrù bí àga ìjókòó.

"Ní tèmi, tìtorí dùùrù ni mo ṣe wá," ni Alard wí, ó ń gbọn omi ẹja kúrò lára wíìgì. "Tí wọ́n bá fún mi níṣẹ́, màá ní kí wọ́n fi ọmọ wọn sílé."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí Gesche ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bú, ó ní, "Ẹ ṣọ́ra lórí àtẹ̀gùn, ó ga."

Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, Alard lójú dùùrù, Gesche lẹ́yìn fèrè ńláńlá, tó ń gun ẹwìrì kan, tó ń bọ́ sórí èkejì. Alard mọ dùùrù tẹ̀ lóòótọ́. Ìka rẹ̀ yá, etí rẹ̀ mú. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, kò lè rí orin kan kó má wọ aṣọ fún un. Ó ti gbé ní Ítálì fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ̀ṣọ́ orin.

"Ẹ ti fi ọ̀ṣọ́ bo orin yìí débi pé ìyá tó bí i kò ní mọ̀ ọ́n," ni Gesche ké láti ẹ̀yìn.

"O ò fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí èèyàn wà nínú aṣọ."

Alard rẹ́rìn-ín. Ó tún un tẹ̀, bó ṣe wà gan-an láìsí ọ̀ṣọ́, Gesche kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bó ṣe ń fín ẹwìrì. Dùùrù dákẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, orí Alard ló rí láàárín fèrè méjì.

"Ta ló kọ́ ọ lórin?"

"Ìyá mi, nígbà tó bá ń po búrẹ́dì. Ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín, afẹ́fẹ́ ń ṣòfò."

Bó bá dọ̀sán, wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á pín búrẹ́dì dúdú àti ẹja yíyan. Ọ̀gá Detlef ń ránṣẹ́ lójoojúmọ́ pé kí Alard wá jẹun nílé òun. Lójoojúmọ́ ni Alard ń sọ pé eyín ń dun òun, tí yóò sì fi eyín náà fọ́ egungun ẹja.

Nílé, bàbá Gesche jókòó sẹ́bàá iná pẹ̀lú ìka tó ti wú, kò lè gun àtẹ̀gùn dùùrù mọ́.

"Ọmọkùnrin yẹn, báwo ló ṣe ń tẹ̀ ẹ́?"

"Ó dára, Bàbá. Ó kàn ń fi ọ̀ṣọ́ sí i."

"Mo mọ̀. Láyé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé, ohùn kan ṣoṣo ni. Ọlọ́run kan, ohùn kan. Lẹ́nìkan bá fi ìkejì sí i, ẹlòmíì fi ìkẹta, nígbà tó yá, ohùn ti pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Jésù láàárín ariwo mọ́. Àwọn baba wa wá ní kí gbogbo ìjọ jọ máa kọ ọ́, kó lè yé ìyá arúgbó. Ó yé e. Ni àwọn ọmọ yìí bá gba Ítálì lọ, wọ́n sì gbé nǹkan bọ̀."

"Kí ni wọ́n gbé bọ̀, Bàbá?"

"Ìgbọ̀n ọrùn, kí ohùn máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ dípò kó dúró," ni bàbá wí, ó sì gbọn ọrùn rẹ̀ bí adìyẹ tí omi dà sí lára.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Alard fún un ní apá ẹja tó lọ́ràá jù, ó ní, "Ká ní ìwọ lo bá dùùrù yìí wá ni, ǹ bá ti dé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn." Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, Gesche ṣi ẹsẹ̀ gbé, dùùrù sì ké bí màlúù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Alard wá dúró níwájú rẹ̀, ó ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Gesche, bí wọ́n bá kọ̀ láti fún mi ní dùùrù láìsí ọmọ yẹn, ṣé wàá bá mi lọ síbòmíì?"

Inú Gesche dùn, ẹ̀rù sì bà á, kò mọ èwo ló kọ́kọ́ dé. Ẹnì kan ti bèèrè òun wàyí, ó bèèrè òun láìmọ ẹni tí òun jẹ́, nítorí kó lè sá fún òun ló ṣe bèèrè òun.

"Ẹ tẹ dùùrù lọ́la ná," ló wí. "Lẹ́yìn náà, mo ní nǹkan kan láti sọ fún yín."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni òtítọ́ bá ti Gesche, orí àga tí apẹja méjì gbé ló sì jókòó sí wá. Láti orí àtẹ̀gùn, Gesche gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, eyín rẹ ńkọ́? Ó dáa. Ṣé Gesche, ọmọbìnrin mi, fín ẹwìrì náà dáadáa fún ọ? Ẹ ti wá mọra yín nìyẹn."

Alard gòkè wá. Kò pariwo. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń bá Gesche sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Lónìí, ó bá a sọ̀rọ̀ bí àlejò.

"Ẹsẹ̀ igi yín dà?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín."

"Gbogbo ìlú ló mọ̀ àfi èmi. Àwọ̀n lẹ dẹ sílẹ̀, èmi ni mo sì wọ inú rẹ̀ bí ẹja."

Pásítọ̀ Ewald ti kúnlẹ̀ nísàlẹ̀, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, Gesche sì gun ẹwìrì.

Alard fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ orin. Ìṣáájú orin tí kò yẹ kó gùn ju àdúrà orí oúnjẹ lọ, ó fà á, ó lọ́ ọ, ó gbọn ọrùn rẹ̀, ó gbọn ìdí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin rò pé ó ti tó àkókò, wọ́n gbé orin. Àwọn obìnrin dúró. Nígbà tí àwọn obìnrin fi máa gbé tiwọn, àwọn ọkùnrin ti wà ní ìlà kẹta, wọ́n sì ń tijú lọ síwájú. Ìyàwó olórí ìgbìmọ̀ ìjọ tó máa fúnni níṣẹ́ dùùrù dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ajá kan ní ìloro bá wọn gbè é. Olórí ìgbìmọ̀ lajú sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi lù.

Gesche mọ̀ pé wọn ò ní gbà á. Bí òun bá kàn ń fín ẹwìrì lọ, Alard á di ẹrù rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹwìrì.

Afẹ́fẹ́ tán. Fèrè ń sùn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó tóbi jù ló gbẹ̀yìn, ó sì hanrun. Ìjọ dá orin dúró, wọ́n gbójú sókè.

Gesche gbé orin náà lóun nìkan, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kọ ọ́ sórí búrẹ́dì. Kò sí obìnrin tó tíì gbé orin láti òkè yẹn rí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ohùn kan tó ti gbó ló kọ́kọ́ bá a gbè é, ohùn bàbá rẹ̀ ni. Àwọn ẹlẹ́ja tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gbogbo ìjọ. Gesche tún gun ẹwìrì, ó ń fín in, ó ń kọrin.

Alard kò fọwọ́ kan nǹkan kan fún odindi ẹsẹ orin kan. Lẹ́yìn náà, ohùn kan yọ lábẹ́ ohùn Gesche. Ó ń tẹ̀ lé e, ó ń yà fún un níbi tó bá ti fẹ́ gbà. Ó fi ìkẹta sí i, ó fi ìkẹrin sí i, ṣùgbọ́n ohùn orin wà lókè níbi tí ọmọdé àti arúgbó ti lè rí i dìmú. Nígbà tó di ìparí, ó fi ọ̀ṣọ́ kékeré kan ṣoṣo sí i, Gesche sì rẹ́rìn-ín lójú ẹkún.

Nínú yàrá ìgbìmọ̀, olórí wọn ò fẹ́ jókòó. "Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ burú, ìparí rẹ̀ dára, ebi sì ń pa wá. Gba dùùrù, gba ọmọ."

Kí Alard tó lanu, bàtà onígi ti ń dún bọ̀ kò-kò-kò.

"Ẹ fún un ní dùùrù nìkan," ni Gesche wí. "Èmi kì í ṣe àga tó bá dùùrù wá. Ẹni tó bá fẹ́ mi, ọwọ́ mi ni kó ti wá bèèrè mi."

"Gesche," ni bàbá rẹ̀ wí, "bí mo ṣe fẹ́ ìyá rẹ nìyí, a sì gbádùn ara wa."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ ò bèèrè lọ́wọ́ ìyá mi rárá?"

"Ìyá rẹ ló bèèrè," ni Ọ̀gá Detlef wí. "Ó ní, 'Ṣé o máa bi mí ni, àbí o máa dúró síbẹ̀ bí òpó?' Ni mo bá bi í."

Ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Ọbẹ̀ ti ń tutù nílé. Wọ́n ní kí wọ́n fún un ní dùùrù nìkan. Gesche yíjú sí Alard. "Ẹsẹ̀ igi yẹn, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Eyín kọ́." Ó sì jáde.

Bàbá Timm padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, tòun ti làkúrègbé rẹ̀. Gesche kò dé ilé ìsìn títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi ń lọ sópin. Ó ń gé kábéèjì lẹ́yìn ilé, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkàn òun balẹ̀, nígbà tí Alard dé pẹ̀lú wíìgì lórí àti ológbò mẹ́ta lẹ́yìn, nítorí òórùn ẹja ò tíì kúrò nínú wíìgì náà.

"Wọ́n ti fún mi ní dùùrù," ló wí. "Kò sí ẹni tó lè fi ọmọ kankan lé mi lọ́wọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bèèrè."

"Ta lẹ wá bèèrè? Ẹni tó ń fín ẹwìrì ni, àbí ọmọ Ọ̀gá Detlef?"

"Àwọn méjèèjì. Bí ẹlẹ́sẹ̀ igi bá ṣì wà nílé, màá fẹ́ òun náà." Ó ṣí wíìgì. "Ojú ló tì mí, Gesche, mo wá sọ ọ́ di ìbínú. Mo búra pé mi ò ní fẹ́ obìnrin tí mi ò rí rí, èmi àti ẹ̀ sì jọ ń jẹ ẹja."

"Mo fẹ́ kẹ́nì kan fẹ́ mi láìka dùùrù sí," ni Gesche wí. "Nígbà tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù bà mí pé màá pàdánù ẹ̀. Má bínú."

"Mi ò bínú mọ́."

"Mo máa ń géni jẹ o."

"Mo ti gbọ́."

Fèrèsé ṣí lókè wọn. "Gesche," ni Ọ̀gá Detlef wí, "ṣé o máa dá a lóhùn ni, àbí kó dúró síbẹ̀ bí òpó?"

Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọ̀gá Detlef ní kò sí ẹlòmíì tó máa tẹ dùùrù fún ọmọ òun. Wọ́n gbé e gòkè tàga-tàga, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó wú. Bàbá Timm ló ń fín ẹwìrì, àmọ́ ó ti kọ́kọ́ tọ́ ọtí ìgbéyàwó wò láti ìdájí. Nígbà tí wọ́n dé àárín orin, dùùrù hanrun, Bàbá Timm náà hanrun, gbogbo ojú sì yí sí ìyàwó.

Gesche wo Alard. Alard wo Gesche. Gesche ká aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ sókè, ó gba orí àtẹ̀gùn lọ, ọkọ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé Bàbá Timm sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n gun ẹwìrì, ẹnì kan lórí ọ̀kan, ẹnì kejì lórí èkejì.

Nígbà tí Pásítọ̀ Ewald rí i pé wọn ò sọ̀ kalẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì bi wọ́n láti ìsàlẹ̀ bóyá Alard gbà láti fẹ́ Gesche.

"Mo gbà," ló dún láti ẹ̀yìn fèrè.

"Gesche, ìwọ náà ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n mí ná," ni Gesche wí, gbogbo ìjọ sì rẹ́rìn-ín. "Mo gbà."

Kò dá ẹsẹ̀ dúró, nítorí bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí ẹsẹ orin tó kẹ́yìn. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ jẹ́jẹ́, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún, ohùn kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Nígbà tó kan ohùn ìparí, ó dúró lé e díẹ̀, ó sì gbọn ọrùn ohùn náà bí àwọn tó ti Ítálì dé.