Kọfí Bàbá Onísùúrù

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Màmá Kọfí, ó dún gbàgà lórí tábìlì. Ó ti tó ogún ọdún tí obìnrin yìí ti ń ra kọfí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, tó ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun, ahọ́n rẹ̀ kì í sì í purọ́ fún un. Kọfí tí òǹtajà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe é lálejò láàárọ̀ yìí, oko kan ṣoṣo ló ti lè wá: oko etí odò tó wà láàárín igi ọsàn. Bàbá Onísùúrù ló ni oko náà. Bàbá Onísùúrù sì ti kú láti oṣù méje.

"Ibo lẹ ti rí kọfí yìí?"

Ọkùnrin náà ní èṣí lòun rà á, àpò mẹ́jọ, awakọ̀ kan tí òun kò mọ̀ rí ló gbé e wá.

Màmá Kọfí ti ife sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní èṣí kan náà ni àpò mẹ́jọ Bàbá Onísùúrù dé sítọ́ọ̀ rẹ̀, tó tú wọn, tó bá kọfí tó ti bu nínú gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó fi ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ju pé kí wọ́n já èyí tó pọ́n nìkan, kí wọ́n sá a lórí pẹpẹ, kó gbẹ dénú. Inú bí i. Ó dìde láàárín ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, ó pe bàbá náà ní oníjìbìtì, ó lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Bàbá tó máa ń já èso lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ kò jà, kò ṣépè. "Kọfí mi kọ́ nìyẹn" ló sọ, ó sì kọrí sílé. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó fi kú. Láti ìgbà náà ni òórùn ebu ti ń bá Màmá Kọfí kiri. Ó ń gbọ́ ọ lára aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó ń gbọ́ ọ lórí ìrọ̀rí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn náà kò yéé dún létí rẹ̀.

Àgọ́ ọlọ́pàá ló gbà lọ tààrà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó nu imú, ó béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan péré ni: Jẹ́jẹ́, olùtọ́jú sítọ́ọ̀. Àbí ta ló máa fura sí Jẹ́jẹ́? Ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè, tó sunkún ju àwọn ọmọ olóòkú lọ níbi ìsìnkú Bàbá Onísùúrù! Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́ pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo?

Màmá Kọfí ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Ó ti tẹ sítọ́ọ̀ láago pé kí wọ́n má tilẹ̀kùn, ọlọ́pàá ń bọ̀. Kí wọ́n tó débẹ̀, Jẹ́jẹ́ ti gbé báàgì, ó ní ìyá òun lòun fẹ́ lọ kí. Wọ́n sáré dé ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì kan ti lọ, èkejì ti ń yí jáde. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ na apá méjèèjì níwájú rẹ̀, awakọ̀ tẹ bíréèkì, ó ń bú u. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ti bá Jẹ́jẹ́, ó fa fìlà bojú.

Wọ́n mú un padà sí yàrá tí wọ́n ti ń tọ́ kọfí wò.

"Kí ló ń lé ọ?"

"Kò sí, sà. Ìyá mi ni mo fẹ́ lọ kí."

"Ta ló pààrọ̀ kọfí bàbá yẹn?"

Jẹ́jẹ́ fi ohùn ìrọ̀rùn ṣàlàyé. Kọfí ọgọ́rin àgbẹ̀ ló wà ní sítọ́ọ̀ nígbà náà, ẹni tó jí i sì mọ èyí tó dára jù. "Èmi tí ọgbẹ́ inú kò jẹ́ kí n fẹnu kan kọfí rí, sà? Tí wọ́n bá gbé e ti àgbàdo jíjóná, n kò ní mọ èwo ni èwo." Òótọ́ ni pé ọdún kẹfà rèé tó ti ń wí bẹ́ẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sín, ó wo ojú Màmá Kọfí. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Màmá Kọfí kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Ó kàn ṣe ohun tó máa ń ṣe lójoojúmọ́: ó se omi, ó dà á sórí kọfí nínú ife mẹ́ta, ó tò wọ́n síwájú Jẹ́jẹ́.

"Fẹnu kàn án," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí. "Kì í ṣe májèlé."

Jẹ́jẹ́ fa ife kan súnmọ́ra. Ó mú ṣíbí, ó fi gbá ìfófòó orí ife sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bu díẹ̀, ó fà á sẹ́nu, fùúùrù! Ó yí i káàkiri ẹnu, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó tu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò tilẹ̀ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kó tó rí i. Ẹni tó ń mu kọfí nílé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi títọ́ ọ wò ṣiṣẹ́ nìkan ló ń fà á báyẹn kó lè fọ́n ká ẹnu, tí wọ́n sì ń tu ú dànù.

Ìgbà tí Jẹ́jẹ́ nà dúró lojú rẹ̀ tó yí padà.

"Ta ló kọ́ ọ?" Màmá Kọfí bi í.

"Ẹ̀yin ni, mà."

Ó kúnlẹ̀, ó tú pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Ojú fèrèsé ló ti ń wo Màmá Kọfí nígbà tó bá ń tọ́ kọfí wò, ìyókù inú ife ló sì fi ń kọ́ra. Ó tọ́ kọfí ọgọ́rin àgbẹ̀ wò, kò sí èyí tó tó ti Bàbá Onísùúrù. Ó kó o tà, ó rọ kọfí tó ti bu sínú àpò rẹ̀. Ó ní òun rò pé wọ́n á kàn bá bàbá náà wí ni. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ ìpàdé, ìyàwó olóògbé dúró lẹ́yìn pátápátá. Láti èṣí ni wọ́n ti ń yẹra fún un. Màmá Kọfí lọ bá a, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ojúlówó ni kọfí ọkọ yín. Èmi ni mo dá a lẹ́bi láìtọ́." Obìnrin náà ní kó dìde, kó lọ síwájú, kó pariwo rẹ̀ bó ti pariwo ti èṣí. Màmá Kọfí lọ, ó pariwo rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Àwọn obìnrin sún fún opó náà lórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kan fà á lọ́wọ́.

Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó sáàárín wọn.

"Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́," ló wí. "Ẹni tó ń dúró dè é ni kò sí níbí mọ́."