Ìwé Ẹ̀rí Pé Màmá Wà Láàyè

Sùlèímánì awakọ̀ ojú omi kò tíì so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó tán tí Moríkẹ́ fi rí lẹ́tà kan lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ọ̀rá ló wé e sí kí omi má baà ta sí i. Ó ní ẹnìkan ló fún òun ní Ìgbókòdá, pé ti Màmá Rèbékà ni, ó sì ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà á. Moríkẹ́ dúró lórí afárá pákó, ó ń yí lẹ́tà náà síwá sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí kì í wá ìdí rẹ̀. Ó wo ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ orí àpò lẹ́tà náà. Oṣù márùn-ún ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba.

Ìyẹn kò yà á lẹ́nu púpọ̀. Àdírẹ́sì ilé Màmá àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ sí i, òkun sì ti gbé ilé yẹn lọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti ń dáná nígbà náà, àwọn apẹja ló ń ju àwọ̀n síbẹ̀ báyìí.

Màmá Rèbékà Olówòkéré ló bí bàbá Moríkẹ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́lé sí Èkó, ó ní òun kò lè sùn níbi tí òun kò ti ní gbọ́ ìró òkun, ló bá padà sí Ayétòrò. Nígbà tí epo rọ̀bì tó dà sínú omi lé ẹja lọ, àwọn òbí Moríkẹ́ kó àwọ̀n wọn, wọ́n bá iṣẹ́ lọ sí etíkun Kamẹrúùnù, wọ́n sì fi ọmọ sílẹ̀ fún Màmá. Owó ìfẹ̀yìntì tó ń wá láti Ìlú Ọba lóṣooṣù ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun. Òun náà ni Màmá fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti kú," ni ó wí.

Moríkẹ́ rọ̀ mọ́ ọn, ó fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀. Màmá ṣàlàyé pé àwọn tó ń sanwó náà kò lè fojú rí àwọn arúgbó tó ti kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Àwọn mìíràn ti kú, tí àwọn ọmọ wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń gba owó òkú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹni tó ń gbowó yóò buwọ́ lù ú, lẹ́yìn náà dókítà tàbí lọ́yà tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ yóò fojú ara rẹ̀ rí i, yóò sì tẹ òǹtẹ̀ sí i pé òótọ́ ni, ẹni yìí ń mí. Bí fọ́ọ̀mù náà kò bá tètè padà, owó yóò dúró. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́jú àwọn aláìsàn wọn fún gbogbo ọdún yẹn," Moríkẹ́ béèrè, "ṣé wọn ò lè máa fi oògùn ránṣẹ́ sí yín ni?"

Màmá mi orí. Ó ní ká ní òun ń gbé lọ́hùn-ún ni, òun kì bá tí náwó sí i. Owó lè sọdá òkun, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kì í sọdá. Iye tí òun ń san láti wà nílé nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, Màmá buwọ́ lu apá tirẹ̀, ó sì rán Moríkẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgbókòdá kí ó fi fọ́ọ̀mù náà han Dókítà Kọ́lájọ tó ń tọ́jú òun, kí ó sì béèrè ọjọ́ tí òun lè wá. Ọkọ̀ Sùlèímánì ni Moríkẹ́ wọ̀. Dókítà kò sí níbẹ̀, ó ti lọ sí ìpàdé ní Àkúrẹ́. Nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ ní dókítà yóò dé ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n mú Màmá fúnra rẹ̀ wá ní ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé dókítà kì í buwọ́ lùwé fún ẹni tí kò rí.

Moríkẹ́ jáde, ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ìgbì le lásìkò yẹn. Ìgbà tí Màmá wọkọ̀ kẹ́yìn, ó bì títí tó fi dé èbúté, ọjọ́ méjì ni kò fi lè dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún wú báyìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjọ́ Ẹtì náà ni ìdánwò ìṣirò wọn. Níbi tó ti ń ro èyí ni Jọọlá bá a, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó wá ra nǹkan fún ìyá rẹ̀. Jọọlá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní òun mọ ọkùnrin kan lẹ́yìn ọjà tó ní òǹtẹ̀ gbogbo iléeṣẹ́.

Moríkẹ́ ní ìyẹn kò dára.

"Ṣé Màmá yín ti kú ni?" Jọọlá bi í.

"Rárá."

"Irọ́ wo lo wá pa?"

Moríkẹ́ tẹ̀ lé Jọọlá. Ọkùnrin náà ṣí àpótí kan, Moríkẹ́ sì tẹjú mọ́ inú rẹ̀: òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti kóòtù, ti ilé ìwòsàn, wọ́n tò bí ẹyin adìẹ. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, àti ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sódì, ọkùnrin náà sì fi hàn án tayọ̀tayọ̀. Kí ó tó mọ̀, òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ti wà lórí fọ́ọ̀mù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ dókítà sábẹ́ rẹ̀, ó sì fa ìlà kan wọ́gọwọ̀gọ bí ìgbà tí àgbà bá ń kánjú. Ó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ kí ó tó kúrò ní Ìgbókòdá.

Nígbà tó délé, ó sọ fún Màmá pé dókítà ti bá wọn buwọ́ lù ú.

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kò ní kí n wá?"

"Ó ní òun mọ̀ yín, Màmá."

Màmá súre fún dókítà. Ìsúre náà gún Moríkẹ́ lára bí ẹ̀gún.

Oṣù kan kọjá, owó kò wọlé. Oṣù kejì náà lọ bẹ́ẹ̀. Màmá ní bóyá ìwé ló pẹ́ lọ́nà. Àwọn ará ìjọ ń gbé ẹja wá fún wọn, oúnjẹ kò wọ́n jù, ṣùgbọ́n ẹja kò lè di oògùn. Moríkẹ́ kò mọ̀ pé Màmá ti ń fi ọjọ́ méjì lo oògùn ọjọ́ kan, àfìgbà tó ka hóró tó kù nínú ìgò tó rí i pé ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó béèrè. Màmá ní òun ń fi ọgbọ́n lò ó ni. Moríkẹ́ tún ìgò náà dé, ó sì gbé e padà sáyè rẹ̀.

Ní ọ̀sànganjọ́ Àbámẹ́ta kan, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀, Dókítà Kọ́lájọ sì sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀ ló gbé wá. Ṣùgbọ́n bó ti yọ sí ẹnu ọ̀nà ló rí Màmá tó jókòó tó ń ṣa ẹ̀wà, ló bá dúró sójú kan.

Ó wá jókòó tì í. Ó ní àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ní Ìlú Ọba kọ̀wé sí òun, wọ́n béèrè bóyá òun ló buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan. Òun dáhùn pé òun kọ́. Wọ́n wá gbà pé Màmá ti kú, àti pé ẹnìkan ló ń fi orúkọ rẹ̀ jẹun. Òun náà rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi wá.

"Ta ló kọ orúkọ mi síbẹ̀?" ni ó béèrè.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé náà àfi Moríkẹ́. Ó lè dákẹ́, ó sì lè di ẹ̀bi lé ẹlòmíràn lórí. Ó wo ojú Màmá, ó rí i pé Màmá ń ronú, tó ń wá ẹni tó lè ṣe irú èyí sí òun, kò sì wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ìyẹn ni kò lè fara dà.

"Èmi ni, sà," ó wí. Ó kúnlẹ̀, ó sì rò gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Màmá kò bá a wí. Ó fẹ́ gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Àwo bọ́, ẹ̀wà sì fọ́n ká ilẹ̀. Dókítà sáré dì í mú, ó sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Màmá lò ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já gaara, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn kò padà sípò. Láti ìgbà náà wá, Moríkẹ́ ló ń bá a di gèlè.

Ilé ìwòsàn náà ni dókítà ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tuntun níṣojú Màmá. Ó ní kí Moríkẹ́ náà kọ lẹ́tà sí Ìlú Ọba, kí ó sọ ohun tó ṣe, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Moríkẹ́ kọ ọ́ kí ó tó mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, obìnrin kan pè láti ọ̀hún, ó bi Màmá ní orúkọ ilé ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́ àti ti ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́. Màmá dáhùn, ó sì fi ìwà àgídí ọ̀gá náà kún un, títí obìnrin náà fi ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ló tún kọjá kí owó tó wọlé.

Nígbà tí Màmá ṣì wà ní ilé ìwòsàn, nǹkan kan ń jẹ Moríkẹ́ lọ́kàn. Ó béèrè lọ́wọ́ dókítà pé kí ló dé tí ìbuwọ́lùwé kan ṣoṣo fi dá wàhálà tó báyìí sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òótọ́ ni ohun tí òun kọ.

"Wọn ò mọ Màmá, wọn ò sì mọ ìwọ," dókítà dá a lóhùn. "Èmi ni ojú wọn níbí. Ìgbà tí o kọ orúkọ mi, ojú wọn lo fọ́."

Màmá, tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, fi ọwọ́ ọ̀tún fa Moríkẹ́ mọ́ra.

"Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn, ọmọ mi," ó wí. "Ọwọ́ tó kọ ọ́ ni kì í ṣe òótọ́."

Moríkẹ́ sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Jọọlá bi í ní Ìgbókòdá, pé irọ́ wo ló pa, ti rí èsì. Ẹni tó bá fi irọ́ gbé òótọ́ rìn, irọ́ nìkan ni àwọn tó wà lọ́nà yóò rí. Ọ̀nà tó tọ́ lè jìn, ìgbì lè wà lójú rẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ tí a fẹ́ fi ṣe nǹkan mìíràn. Síbẹ̀, ká rìn ín, nítorí àbùjá tí Moríkẹ́ gbà láti gba Màmá lọ́wọ́ ìyà ọjọ́ kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Màmá tó wà láàyè di òkú.