Igi Ìyá Kọ̀, Kò Tanná

Obìnrin aránṣọ kan fi aṣọ tútù wé ẹ̀ka igi kékeré kan, ó gbé e wọ ọgbà ọlọ́gbìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ igi yìí?"

Ọkùnrin náà ra ewé rẹ̀ láàárín ìka, ó gbóòórùn rẹ̀. "N ò mọ̀ ọ́n," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin yìí lọ́kàn. Èèyàn mẹ́ta ló ti bi léèrè, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n dá sọ, wọn ò tiẹ̀ wo ewé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá mi ló gbìn ín. Ọdún márùn-ún rèé tí wọ́n ti kú, kò tanná mọ́."

"Òdòdó ẹ̀ ló máa jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ n wá wò ó nílé."

Ó wá lẹ́ẹ̀kan, ó wá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó fi di ẹ̀kẹrin, igi nìkan kọ́ ló ń wá wò mọ́. Ó sọ aránṣọ ní Abẹ́rẹ́ Wúrà. Obìnrin ẹni ogójì ọdún yìí á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Bàbá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Ẹni tó ń ta ewé lo fẹ́ mú wálé fún mi?"

Ọlọ́gbìn sì ti rí ohun tó ń ṣe igi náà. Oṣooṣù ni Bàbá ń fi àlùmọ́gàjí gé orí ẹ̀ka rẹ̀ kó lè rí rogodo, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Kò mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró kí òdòdó igi náà rẹ̀ dànù tán kó tó gé e.

"Má sọ fún wọn," aránṣọ bẹ̀ ẹ́. "Ó máa dùn wọ́n jù."

"Tí n ò bá sọ, kò ní tanná láé, olólùfẹ́."

Ọlọ́gbìn lóṣòó síwájú Bàbá. "Ẹ bá mi gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ fóṣù mẹ́fà, sà."

"Ṣé èmi ni mo ba igi ìyàwó mi jẹ́?"

"Ìfẹ́ lẹ fi ń gé e, Bàbá. Ṣùgbọ́n òdòdó lẹ ń gé."

Bàbá wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ọlọ́gbìn ò wá mọ́, torí kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àtọmọ. Ọkàn aránṣọ gbọgbẹ́ débi pé ó rán ṣòkòtò oníbàárà kan, ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Àmọ́ ó ṣàkíyèsí pé Bàbá ò gé igi náà mọ́.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà, òórùn dídùn ló jí i láàárọ̀. Òdòdó ti bo igi náà, òmíì elése àlùkò, òmíì funfun, lórí ẹ̀ka kan náà. Bàbá ti dúró níbẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Lọ pe ọkùnrin yẹn wá."

Ọlọ́gbìn ò rìn wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré ni. "Àná-Òní-Ọ̀la là ń pè é níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́," ó wí. "Elése àlùkò ló ń là. Tó bá di ọjọ́ kẹta, á ti funfun."

Bàbá mi orí títí. "Èmi ni mo ń dí i lọ́wọ́," ó wí jẹ́jẹ́. Ó wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe fara tira wọn. "Ìgbà wo làwọn ẹbí ẹ ń bọ̀ wá rí mi?"

Aránṣọ di ọwọ́ ọkùnrin náà mú lójú bàbá rẹ̀, kò tijú.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, Bàbá," ló bá a fèsì.